Bí Irun Ṣówándé Ṣe Di Funfun Nínú Aró

Bí aṣọ kò bá tíì jáde nínú aró, a kì í mọ ohun tí ẹ̀kọ dì mú. Ṣé ẹ ti gbọ́ òwe yìí rí? Bí ẹ bá ti gbé àdúgbò àwọn aláró ní Abẹ́òkúta fún oṣù kan péré, ẹ ó ti gbọ́ ọ. Bàbá tó ń parí ìjà tọkọtaya á pa á. Ìyá tó ń retí èsì ìdánwò ọmọ rẹ̀ náà á pa á. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé láyé àtijọ́ ló ti wá, nígbà tí àwọn baba ńlá wọn ṣì ń sá pamọ́ sábẹ́ àpáta. Rárá o. Òwe náà kò dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ló bí i, ẹni tó sì kọ́kọ́ pa á ṣì ń fi eyín ara rẹ̀ jẹ obì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ la ọ̀nà díẹ̀ fún ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ àdìrẹ. Ẹ̀kọ tí òwe yìí ń sọ kì í ṣe èyí tí à ń fi àkàrà mu. Láfún ni wọ́n máa ń sè títí yóò fi ki, tí wọ́n á wá fi ìyẹ́ adìẹ yàwòrán pẹ̀lú rẹ̀ sára aṣọ funfun. Bí wọ́n bá ri aṣọ náà sínú aró, ibi tí ẹ̀kọ kò dé yóò dúdú, ibi tí ẹ̀kọ dì mú yóò wà ní funfun. Ohun tí o bá yà ni yóò funfun, ohun tí o bá fi sílẹ̀ ni yóò dúdú. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló da orí gbogbo ènìyàn rú nínú ìtàn yìí.

Ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ìbídùnní, ayàwòrán ni. Bí ẹ bá ti ra àwọn ìwé ìfẹ́ pẹlẹbẹ yẹn rí, irú èyí tí ọ̀dọ́mọkùnrin arẹwà kan máa ń gbá ọmọbìnrin mọ́ra lára èèpo rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ló yà á. Nígbà tó wà nílé ìwé, pẹ́ńsù àti ọ̀dà olómi ló fi ń yàwòrán lórí bébà. Nígbà tó yá, ó ra tábúlẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi kálàmù ya nǹkan sí lójú gíláàsì. Láti ọjọ́ náà, ó pa bébà tì. Ohun tó fẹ́ràn jù nípa gíláàsì yìí ni pé àṣìṣe kì í pẹ́ níbẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣì, ìka méjì ni yóò fi tẹ ojú gíláàsì, pọ́ọ́pọ́, àṣìṣe á sì pòórá bíi pé kò wáyé rí. Ọdún méje ló fi gbé irú ayé bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún keje yìí ni ọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìfẹ́ kan lọ́wọ́. Òǹtẹ̀wé ni ọkùnrin náà, Ṣówándé lorúkọ rẹ̀. Ó na ìwé náà sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ta ló fún yín ní fọ́tò mi?"

Ìbídùnní wo èèpo ìwé, ó wo ọkùnrin náà, ó tún wo èèpo ìwé. Irùngbọ̀n kan náà, ojú kan náà, irun orí tó dúdú tó sì ń dán bíi kóró iṣin. Kò rí ọkùnrin yìí rí láyé. Orí ara rẹ̀ ló ti yọ àwòrán náà, láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn pàápàá, ó sì ti ń yà á léraléra láìmọ̀ pé ó ní ẹni tó ni ojú ọ̀hún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kàwé ìfẹ́ rí, ẹ mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, wọn ò lè jẹun láìpe ara wọn lórí fóònù.

Gbogbo nǹkan ń lọ ní mẹ́lọ̀mẹ́lọ̀ títí Ṣówándé fi mú un lọ rí ìyá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà. Ìyá Àwẹ̀ró ni wọ́n ń pe màmá yìí, òun ni olórí àwọn tó ń ya àdìrẹ ní agbo ilé wọn. Ìbídùnní kúnlẹ̀ títí ilẹ̀ fi wọ̀ ọ́ lórúnkún.

"Kí niṣẹ́ ẹ, ọmọ yìí?"

"Mo ń yàwòrán ni, Màmá."

"Ìwọ náà? Sórí kí ni?"

Ìbídùnní yọ tábúlẹ́ẹ̀tì jáde nínú báàgì. Ìyá Àwẹ̀ró na àtàǹpàkò tí aró ti sọ di dúdú, ó fi pa ojú àwòrán tó wà níbẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ mọ bí aṣọ ṣe nípọn tó. Àwòrán náà yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ó tún fọwọ́ kàn án, ó tún yọ̀.

"Ó ń sá fún mi," ni Màmá wí, ó sì dá a padà.

Sàlámọ̀, obìnrin tó ń bá wọn ri aṣọ sí aró, bú sẹ́rìn-ín nídìí ìkòkò rẹ̀. "Màmá, ìyàwó onígíláàsì lẹ rí yìí. Ẹ wo ọwọ́ tó mọ́ tónítóní. Ṣé ọwọ́ yìí ti fọ ìkòkò ọbẹ̀ rí ṣá?"

Ìyá Àwẹ̀ró kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ àṣà ilé náà fún Ìbídùnní. Ìyàwó tí yóò bá wọ agbo ilé yẹn gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya ìró kan. Ohun tó bá wà lọ́kàn rẹ̀ ni yóò yà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọjú wò ó, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gbà á nímọ̀ràn, títí aṣọ náà yóò fi jáde nínú aró. Bí Màmá bá ró aṣọ náà mọ́dìí, ìyàwó ti wọlé nìyẹn. Bí ó bá ká a, tó dá a padà, kí oníkálukú máa lọ sílé bàbá rẹ̀. Ó sì ti ká aṣọ fún ọmọbìnrin méjì rí. Ẹni méjèèjì mọ iṣẹ́ àdìrẹ ju Ìbídùnní lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n Màmá ní aṣọ wọn ò bá òun sọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ náà, bí wọ́n ṣe ń padà lọ sílé, Ìbídùnní di ọwọ́ Ṣówándé mú bíi pé wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ òun. "Bí Màmá bá ká tèmi ńkọ́?"

"Kò ní ká a."

"Bó bá ká a ńkọ́, Ṣówándé?"

Màmá ló fi ọmú ìyá àgbà tu Ṣówándé nígbà tí ìyá tó bí i kú. Ìbídùnní mọ̀ pé kò lè tẹ ọ̀rọ̀ Màmá mọ́lẹ̀.

Yàrá kan lẹ́yìnkùlé ni wọ́n fún un, pẹ̀lú aṣọ funfun kan ṣoṣo, igbá ẹ̀kọ kan, àti ìyẹ́ adìẹ mẹ́rin. Kò ronú jìnnà kó tó mọ ohun tí yóò yà. Kí ló tún wà lọ́kàn rẹ̀ bí kò ṣe ojú olólùfẹ́ rẹ̀? Ó ya ẹja àti ewé àti òòyà sí etí aṣọ yíká bó ṣe rí i lára àwọn ìró tí wọ́n sá sójú oòrùn. Ó ṣe ìyẹn dáadáa. Ó mọ̀ pé ẹ̀kọ ni yóò funfun. Ó mọ̀ ọ́n bí ẹ ṣe mọ orúkọ yín.

Àmọ́ nígbà tó dé àárín aṣọ, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ojú Ṣówándé, nǹkan kan yí padà. Àwọn aládìrẹ máa ń po nǹkan mọ́ ẹ̀kọ kó lè ní àwọ̀ díẹ̀, kí ojú lè rí i lórí aṣọ funfun. Àwọ̀ yẹn ló tàn án. Lójú rẹ̀, tàdáwà ni. Ọwọ́ tó ti fi ọdún méje kun irun ọkùnrin ní dúdú kò bi orí léèrè mọ́. Ó ki ìyẹ́ bọ ẹ̀kọ, ó kun irun orí náà dẹ́múdẹ́mú, ó kun irùngbọ̀n, ó kun irun ìpéǹpéjú. Bí ó ṣe ń kùn ún ni ọkàn rẹ̀ ń lù kìkìkì, torí ojú náà ti ń jọ ẹni tó ni ín.

Lẹ́bàá ojú ọ̀tún ni ẹ̀kọ ti kán sílẹ̀. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ìka méjì ti bọ́ sórí aṣọ, pọ́ọ́pọ́, wọ́n sì yọ̀ wálẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́ àwòrán náà. Ó dúró, ó ń retí kí ẹ̀kọ tó kán sílẹ̀ pòórá. Kò sí ohun tó pòórá. Ìlà kéékèèké méjì ló kún un. Ó rẹ́rìn-ín ara rẹ̀ tẹkúntẹkún. Ó fi èékánná ha ẹ̀kọ tó kán náà kúrò, ṣùgbọ́n àmì ìka ti wọ aṣọ lára. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó ń ya ojú òsì, ọwọ́ rẹ̀ tún ṣì, ìka méjì náà sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lẹ́rẹ̀kẹ́ kejì.

"Àwọn ìka yìí máa lé mi nílé ọkọ kí n tó débẹ̀," ló wí fún ara rẹ̀.

Nígbà tó parí, ó jìnnà díẹ̀ sí aṣọ náà, ó wò ó. Ṣówándé rèé, arẹwà ọkùnrin, irun rẹ̀ kún bámúbámú. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹnu ko àwòrán náà lẹ́nu, ẹ̀kọ sì lẹ̀ mọ́ ọn létè.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n yọ aṣọ, gbogbo ilé péjọ sídìí ìkòkò. Sàlámọ̀ ti rì í, ó ti fẹ́ ẹ sí atẹ́gùn, ó ti tún un rì lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ó na án sórí pátákó, ó mú ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha ẹ̀kọ tó ti gan sára rẹ̀. Ẹja jáde, ó funfun kinniwin. Ewé jáde. Lẹ́yìn náà ni ọ̀bẹ dé orí.

Sàlámọ̀ dáwọ́ dúró. "Ta nìyí?"

Bàbá arúgbó kan ló ń wò wọ́n láti inú aṣọ. Ara rẹ̀ dúdú mìnìjọ̀ bí aró gidi. Irun orí rẹ̀ funfun bí òwú, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, irun ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun, ìlà méjì sì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì.

"Ìbí," ni Ṣówándé wí jẹ́jẹ́, "ta ni bàbá yìí?"

"Ìwọ ni."

"Èmi kẹ̀? Mo kọlà?"

Sàlámọ̀ gbá ọwọ́ lé itan. "Ṣówándé, o gbé! Wọ́n ti fi ogójì ọdún kún ọjọ́ orí ẹ, o ò sì tíì gbéyàwó!"

Ìbídùnní rí i wàyí, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti ṣe láti ọjọ́ mẹ́ta, àmọ́ kò sí gíláàsì kankan níbí tó lè fi ìka tẹ̀. Ó fẹ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n Ìyá Àwẹ̀ró ti dìde lórí àpótí rẹ̀, ó ti ń bọ̀.

Màmá wo aṣọ náà. Ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó kàn án ní ti òsì. Ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń ka nǹkan. Kò ró aṣọ náà mọ́dìí. Kò ká a. Ó ṣù ú mọ́ àyà bó ṣe tutù yẹn, ó wọ yàrá lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ẹnu ya gbogbo wọn. Bí wọ́n bá ró aṣọ, wọ́n mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá ká a, wọ́n mọ ìyẹn náà. Kí wá ni ti kí wọ́n gbé e wọ yàrá? Ṣé ìyàwó ti wọlé ni, àbí wọ́n lé e? Ẹnì kan ní Màmá ń bínú. Ẹnì kan ní ó rẹ̀ ẹ́ ni. Oòrùn kúrò lórí òrùlé ọ̀tún, ó bọ́ sí ti òsì, ilẹ̀kùn ò ṣí.

Ṣówándé jókòó ti Ìbídùnní lórí odó tó dojú délẹ̀. "Ṣé bí mo ṣe rí lójú ẹ nìyẹn?"

"Ọlọ́run ò jẹ́. Mo kun irun ẹ ní dúdú. Mo rò pé mo kùn ún ní dúdú ni."

"Ìlà ńkọ́?"

"Ìka mi ni."

"Ìka ẹ ṣe báwo?"

Bó ṣe ń ṣàlàyé tó ni ọ̀rọ̀ náà túbọ̀ ń lọ́ pọ̀. Ṣówándé mi orí, ó dìde, ó lọ dúró sídìí ògiri. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù ba Ìbídùnní gan-an.

Sàlámọ̀ sún mọ́ ọn, ó sọ̀rọ̀ sí i létí. "Gbọ́, onígíláàsì. Mo fetí sí ilẹ̀kùn. Orúkọ ọkọ rẹ̀ ló ń pè, Àkànmú tó ti kú tipẹ́. Bí ó bá bi ọ́, sọ pé o lálàá. Sọ pé bàbá ló wá bá ọ lójú oorun. Ọjọ́ náà lo wọlé."

Kò pẹ́ tí Màmá fi pe Ìbídùnní wọlé. Aṣọ náà wà lórí itan rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n.

"Ta ló sọ fún ọ pé méjì ni?"

"Méjì kí ni, Màmá?"

"Ìlà ọkọ mi." Ó mí kanlẹ̀. "Pélé mẹ́ta ni wọ́n máa ń kọ nílé wọn. Olóòlà ṣe méjì lọ́tùn-ún, ó ṣe méjì lósì. Kó tó kan ìkẹta, ìyá Àkànmú já ọmọ rẹ̀ gbà, ó ní ẹkún náà tó. Gbogbo ẹni tó mọ ìyẹn ti kú, ó ku èmi. Ẹni ọgbọ̀n ọdún ni nígbà tó lọ sí Gánà, ó ní òun ń bọ̀. Ibà ló pa á síbẹ̀. Kò ya fọ́tò rí. Ó ti di ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, ojú rẹ̀ ti ń ṣí kúrò lójú mi díẹ̀díẹ̀. Ó máa ń sá fún mi bí àwòrán orí gíláàsì ẹ." Ó gbé ojú sókè. "Ta ló wá fi hàn ọ́, ìwọ ọmọ yìí? Ta ló fi bó ṣe ì bá darúgbó hàn ọ́?"

Ọ̀rọ̀ àlá náà ti dé orí ahọ́n Ìbídùnní. Ó rí Ṣówándé níwájú rẹ̀, ó rí ilé, ó rí ọmọ, gbólóhùn kan péré ló sì kù. Ó wo ọwọ́ ìyá àgbà náà lórí aṣọ. Ó bú sẹ́kún.

"Màmá, ẹ dárí jì mí. Mi ò lálàá kankan. Ọmọ yín ni mo yà. Irun rẹ̀ funfun torí mo gbàgbé ohun tí ẹ̀kọ ń ṣe. Ìlà yìí kì í ṣe ìlà. Àṣìṣe ni mo fẹ́ pa rẹ́." Ó na ìka méjì, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwòrán náà bó ṣe máa ń ṣe lórí gíláàsì, pọ́ọ́pọ́. "Báyìí ni mo ṣe."

Màmá wo ìka náà pẹ́. "Tún un ṣe."

Ó tún un ṣe. Màmá na ìka méjì tirẹ̀, dúdú, gbígbẹ, ó gbé wọn lé ibi kan náà. Wọ́n bá ìlà náà mu rẹ́gírẹ́gí. Ẹ̀rín kan bọ́ lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú omi lójú.

"Bí mo ṣe máa ń fọwọ́ kàn án lẹ́rẹ̀kẹ́ nìyẹn." Ó gbé ojú sí Ìbídùnní. "Ṣé wàá lè máa wo bàbá arúgbó yìí láràárọ̀?"

"Ó rẹwà lójú mi bó ṣe wà yẹn, Màmá."

Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, Ìyá Àwẹ̀ró ló kọ́kọ́ jáde, ó ti ró aṣọ náà mọ́dìí. Ṣówándé sáré wá, kò mọ ẹni tí òun yóò kọ́kọ́ dì mọ́. Sàlámọ̀ pariwo, ó wá ṣíjú sí Ìbídùnní. "Ṣé àlá náà ṣiṣẹ́?"

"Kò sí àlá," ni Màmá dá a lóhùn. "Àṣìṣe ni. Ó ti jẹ́wọ́."

"Àṣìṣe? Ẹ wá ró o?"

"Bí aṣọ kò bá tíì jáde nínú aró, a kì í mọ ohun tí ẹ̀kọ dì mú. Ẹni tó yà á gan-an kò mọ̀."

Ó yẹ kí Màmá dá ìró náà padà fún ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó, bí àṣà wọn ṣe wí. Ọjọ́ pé, kò dá a padà. Ìbídùnní fi ọgbọ́n béèrè. Ìyá Àwẹ̀ró rọra tún un ró mọ́dìí. "Ọkọ tìẹ máa hewú lójú ẹ, ní sùúrù. Tèmi ni kò hewú lójú mi. Èyí tèmi ni."

Ìbídùnní ṣì ń fi gíláàsì rẹ̀ yàwòrán, ó sì tún ti padà sídìí ìyẹ́ adìẹ. Bí ẹ bá bi í bóyá àṣìṣe ni lóòótọ́, á ní òun ò mọ̀ mọ́. Èmi náà ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní ọdún tó kọjá, Ṣówándé rí ewú àkọ́kọ́ nínú irùngbọ̀n rẹ̀, ó sáré lọ fi han ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú ìpayà. Ìyàwó rẹ̀ wò ó, ó ní, "Mo ti rí i rí."

Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi máa ń pa òwe yìí nígbà tí ènìyàn bá wà láàárín nǹkan tí ojú rẹ̀ kò tíì mọ́lẹ̀, tó ti ń yọ̀ tàbí tó ti ń sunkún ṣáájú. Wọ́n máa ń pa á fún ẹni tó fẹ́ pa irọ́ bo àṣìṣe rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú, kí ó lè fi òótọ́ sílẹ̀ kí aró ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá rú yín lójú lọ́la, tí àgbà kan sì sọ pé bí aṣọ kò bá tíì jáde nínú aró, a kì í mọ ohun tí ẹ̀kọ dì mú, ohun tó ń sọ fún yín ni pé kí ẹ dúró di ìgbà tí wọ́n bá ha á.